Takàbá Nínú Ilé-ń-lọ

Gbogbo àdúgbò Gàmbàrí ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kálukú sì ní bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ní ejò ló wa mọ́tò. Ẹ dákun, ejò kì í wa mọ́tò! Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe rí, nítorí bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sáré sọ ọ́ kiri, ẹ ò ní mọ ohun tó ń dun Àṣàbí rárá, ohun tó ń dùn ún yẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀.

Mọ́tò funfun gbọọrọ kan ni, irú èyí táwọn òyìnbó àgbà máa ń wà kiri ayé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, síǹkì wà, sítóòfù wà, ilé ìwẹ̀ tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ wà, fèrèsé kan sì wà lórí òrùlé tó jẹ́ pé bí o bá fẹ̀yìn lélẹ̀, sánmà lò ń wò. Òyìnbó kan tó wá kọ́ àwọn àgbẹ̀ wa bí wọ́n ṣe ń gbin ìrẹsì ló gbé e wá. Abdulfattah, ọkọ Àṣàbí, ni dírẹ́bà rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílé, ó fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa fi rántí òun. Abdulfattah wà á dé agbo ilé wọn, ó fi ìhà mọ́tò ha ògiri ẹnu ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì kó tó wọlé, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ẹ wò ó, ilé ń lọ, ilé ń lọ! Bó ṣe di Ilé-ń-lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Ilé-ń-lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń gbé. Lọ́dún tí òjò wó yàrá tọkọtaya náà, wọ́n kó sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí wọ́n fi tún ògiri mọ. Wọ́n tún un mọ, wọ́n kùn ún, wọ́n kan ilẹ̀kùn tuntun sí i, tọkọtaya ò jáde. Ọdún méje! Ará ilé bínú títí, ìbínú sú wọn. Àṣàbí a máa sọ fún wọn pé atẹ́gùn ibẹ̀ ló dáa. Irọ́ ni. Abẹ́ fèrèsé òrùlé yẹn ló dáa, nígbà tí wọ́n bá kírun mọ̀gàríbì tán, tí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, tí Abdulfattah bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti odò Ọya.

"Àṣàbí," á ní, "o ò tíì rí omi. Omi Àsá tí ò ń rí yìí, ìṣàn lásán ni. Lọ́jọ́ kan, èmi á wakọ̀, ìwọ á jókòó síwájú lápá ọ̀tún mi bí ìyàwó ọ̀gá. A ó gba Òkè-Oyì, a ó gba Bódé-Sáàdù, a ó páàkì sétí odò ní Jẹ́bà, a ó pa ẹ́ńjìnnì. A ò ní ṣe nǹkan kan o. A ó kàn máa wò ó."

"Nígbà wo?"

"Lẹ́yìn ìkórè."

Lẹ́yìn ìkórè, ó di lẹ́yìn ààwẹ̀. Lẹ́yìn ààwẹ̀, ó di ìgbà tí òjò bá dá. Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, ọjọ́ kẹta oṣù Ọkitóbà, Abdulfattah kírun àsùbáà tán, ó ní kí òun rẹjú díẹ̀, kò sì jí mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ̀sìn ní kí opó ṣe. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi jókòó sínú ilé tí ikú ti bá òun àti ọkọ rẹ̀. Kò ní jáde láìnídìí, kò ní fín lọ́fínńdà, kò ní lé tìróò. Takàbá nìyẹn. Ilé wo wá ni ti Àṣàbí? Ọ̀rọ̀ yìí mú kí àwọn àgbà agbo ilé jókòó fún ọjọ́ méjì gbáko. Àwọn kan ní yàrá ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n tún mọ yẹn ni, pé ṣé mọ́tò náà wá di ilé ni? Àlùfáà Àhmádù, àbúrò olóògbé, tó jẹ́ olórí agbo ilé, ló parí ẹ̀.

"Níbo ni ẹ̀gbọ́n mi ń sùn?" ó bi wọ́n.

"Nínú mọ́tò."

"Ibẹ̀ náà ni ilé rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni ìyàwó wa á ti ṣe takàbá." Ó wá na ìka sí táyà. "Ṣùgbọ́n mọ́tò yìí ò gbọdọ̀ yí tó báyìí títí á fi parí. Bí ilé bá lọ, opó ti jáde nìyẹn."

Wọ́n gbé òkúta ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Àṣàbí bí ni Nabeelah. Tánkẹ̀ ló ń gbé, nítòsí yunifásítì tó ti ń kọ́ni nípa àwọn ẹran afàyàfà, ìwé àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti máa tọ́jú wọn. Bí ejò bá wọlé onílé, Nabeelah ni wọ́n ń sáré pè. Bó bá rí ìjàpá tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì lọ́jà Ìpàtà, á bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n á fi gbé e fún un. Yàrá kan tó háyà kún fọ́fọ́ fún wọn. Ohun tó ń lálàá rẹ̀ ni kó kó wọn sínú mọ́tò, kó máa gbé wọn láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, kí àwọn ọmọdé lè rí ejò láìmú igi lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn àlá yìí. Lójú Àlùfáà Àhmádù ló ti sọ nígbà ayé rẹ̀ pé: "Mo ti fún Nabeelah ní Ilé-ń-lọ. Kó sáà jẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ̀ ṣì máa sùn níbẹ̀ ná."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta takàbá, onílé Tánkẹ̀ bá òjòlá Nabeelah pàdé lójú fèrèsé. Ó ní kí ọmọ náà kó kúrò láàárín ọjọ́ méje, òun àti gbogbo ìdílé ejò rẹ̀. Nabeelah wá bá ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Màámi, ẹ má bínú. Mi ò níbi tí mo lè kó wọn sí. Ọyẹ́ ń bọ̀, bí òtútù bá mú wọn níta, wọ́n á kú."

"O fẹ́ kó wọn wá síbo?"

Nabeelah gbójú sókè, ó wo inú mọ́tò.

"Háà! Nabeelah! Ọkọ mi ló kú o, èmi ò tíì kú!"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Àṣàbí wò ó, ó rí i pé ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti gùn jáde nínú híjáàbù. Ó kọ́kọ́ pòṣé, ó sì ní kó kó wọn wá.

Ẹ má rò pé ejò ló ń dun Àṣàbí o. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọjọ́ tí takàbá bá parí, òun á kó ẹrù òun padà sí yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ilé-ń-lọ á wá máa lọ lóòótọ́, dírẹ́bà kan tí òun ò mọ̀ rí á jókòó sórí tìmùtìmù Abdulfattah, òun ò sì ní rí odò tí ọkọ òun fi ọdún méje ṣèlérí. Kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní ẹ wo obìnrin yìí, ọkọ kú, ó ń sọ̀rọ̀ odò.

Abdulmuiz káfíńtà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àpótí àwọn ẹran náà. Láti kékeré ló ti ń gbẹ́ wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ ilé-kéwú fi ń kọ́ Kùránì, kò sí igi tó máa fara kan ọwọ́ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ò ní dán. Bó bá dé, Àṣàbí á fa kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á máa gbọ́ ayùn.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú o," Abdulmuiz á ní láti òdìkejì. "Ìyá, òjòlá yìí, ṣé ó máa ń na ara tàntàn ni àbí ó máa ń ká jọ?"

"Bi Nabeelah. Ṣé èmi ni mo bí i ni?"

Wọ́n yọ sítóòfù, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo ibẹ̀, wọ́n ki ẹ̀ka igi sí i, ó di ilé agẹmọ. Abẹ́ àga gígùn tí òyìnbó ti ń jẹun di àpótí òjòlá, wọ́n fi gíláàsì fèrèsé yàrá tó wó yẹn ṣe ojú rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ di ti awọ́nríwọ́n, pẹ̀lú omi tí á lè máa rì sí. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ Abdulfattah ni wọ́n fi ṣe ti àwọn alángbá àti ọmọnlé. Àṣàbí fúnra rẹ̀ ló kó àwọn aṣọ náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn wọn, ó ń sunkún lẹ́yìn kọ́tìnnì. Abdulmuiz dá ayùn dúró, kò fà á mọ́ títí ó fi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ to sólà sórí òrùlé, Àṣàbí pariwo jáde pé, "Ẹ ò gbọdọ̀ bo fèrèsé òkè mi o!" Wọ́n to sólà yí fèrèsé náà ká.

"Àwọn ẹran yìí ò lè fúnra wọn mú ara gbóná, Màámi," ni Nabeelah ṣàlàyé fún un. "Ìdí nìyẹn tí gílóòbù fi wà lápá kan àpótí, tí apá kejì sì tutù. Bí wọ́n bá fẹ́ ìgbóná, wọ́n á sún mọ́ iná. Bó bá tó, wọ́n á sún kúrò."

"Ta ló ń sọ fún wọn pé ó tó?"

"Ara wọn ló ń sọ fún wọn."

Àṣàbí na ọwọ́ sí gílóòbù. Láti ọjọ́ tí Abdulfattah ti lọ, òtútù ń mú un, kò sì mọ ibi tí òun lè sún sí.

Ẹ̀rù bà á níbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé làádá wà nínú kéèyàn lu ọmọnlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì kú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọnlé kan bọ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó lẹ̀ mọ́ ògiri lókè orí rẹ̀. Àṣàbí ti gbé sálúbàtà sókè. Ó rí i tí ọ̀fun rẹ̀ ń lù kìkì, kìkì, kìkì. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Inú takàbá ni mo wà," ó sọ fún un. "Kọjá lọ."

Èyí tó wá fà mọ́ ọn jù ni ìjàpá àgbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán rí, tí Nabeelah ò fi sínú àpótí. Àṣàbí sọ ọ́ ní Àlejò. Kọ́tìnnì kan wà láàárín ẹ̀yìn mọ́tò àti iwájú níbi tí dírẹ́bà ń jókòó, kò sì sí ẹni tó tíì ká a kúrò láti ọjọ́ ikú náà. Àṣàbí ò lè ṣe é. Àlejò nìkan ló ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ lọ sùn sábẹ́ àga ọ̀tún. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún yọ padà wọ́ọ́rọ́wọ́, Àṣàbí á ní, "Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà níwájú?"

Ọyẹ́ dé. Bó bá di ọ̀sán, iná àwọn àpótí á mú kí gbogbo inú mọ́tò pọ́n rẹ́súrẹ́sú, eruku á máa ta sára gíláàsì, òjòlá á máa wọ́ ara rẹ̀ lórí iyanrìn, ṣuu, ṣuu, bí ẹni ń ká ẹní. Ìgbà yẹn ni oorun máa ń gbé Àṣàbí lọ. Lójú àlá, òkúta á yẹ̀ kúrò nídìí táyà fúnra wọn. Ilé-ń-lọ á gbéra, á gba ẹnu ọ̀nà kọjá láìha ògiri, á máa lọ lókè lókè lórí páànù Gàmbàrí, kò ní pariwo rárá. Abdulfattah ló ń wà á. Àṣàbí á máa rí ẹ̀yìn orí rẹ̀, fìlà rẹ̀, etí rẹ̀ ọ̀tún tó tẹ̀ díẹ̀. Àga ọ̀tún ṣófo, ó ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lòun máa ń wà, láàárín àwọn àpótí, bó bá sì ti ń rìn bọ̀ níwájú, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ń gùn sí i. Á pe ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ò ní bojú wẹ̀yìn. Bó bá jí, omi ojú rẹ̀ á ti rin ìrọ̀rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń retí oṣù tuntun, á gun orí bẹ́ẹ̀dì, á yọ orí jáde lójú fèrèsé òrùlé, á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ìyàwó ilé kan rí i lọ́jọ́ kan, ó kígbe pé opó ti jáde. Àṣàbí ní orí nìkan ló jáde, ara ṣì wà nílé. Bó bá rí òṣùpá, tó tín-ín-rín bí èékánná ọmọ ọwọ́, á ta kókó kan sétí ìborùn rẹ̀. Nabeelah ní tirẹ̀ fi bírò pupa yí Jímọ̀ ọjọ́ kẹtàlá oṣù Fẹ́búárì po lórí kàlẹ́ńdà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí agẹmọ. Ọjọ́ náà ni takàbá á parí, ó ní, ọjọ́ náà sì ni Ilé-ń-lọ á kọ́kọ́ lọ sílé-ìwé kan lọ́nà Gánmọ̀.

Dírẹ́bà ni kò sí. Nabeelah ò mọ mọ́tò wà, gíà Ilé-ń-lọ sì wà lára sitiárì, ó le bí ọrùn akọ màlúù. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wò ó rí awọ́nríwọ́n nílé ìwẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ tọ̀ níta. Bóyá ó ṣì ń tọ̀ di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹni kejì dúró díẹ̀, òjòlá wá yán, ó la ẹnu gbàà. Ọkùnrin náà gbàgbé bàtà rẹ̀ kan.

Nabeelah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá orí mú. "Màámi, ta ló máa bá mi wà á báyìí?"

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Àṣàbí, ó gbé e mì. Nítorí ó mọ̀ ọ́n wà! Abdulfattah ló kọ́ ọ, lọ́nà oko, láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, tí wọ́n máa ń sọ fún ará ilé pé àwọn ń lọ wo ẹ̀gẹ́. Ó tiẹ̀ gba ìwé ìwakọ̀ fún un, ìwé náà wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n àṣírí àwọn méjèèjì ni. Lójú rẹ̀, ọjọ́ tó bá sọ ọ́ síta, yóò dà bíi pé ohun tó kù láàárín òun àti ọkọ rẹ̀ ti tán. Ó ní, "Ọlọ́run á pèsè." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Nabeelah rí ẹnìkan tó gbà láti wá ní Jímọ̀ náà, wọ́n sì pe mẹkáníìkì wá tún ẹ́ńjìnnì ṣe.

Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, Àlùfáà Àhmádù wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó sàlámà.

"Ìyàwó wa, àlùbáríkà ni o. Ó ti pé."

"Kí ló pé, Àlùfáà?"

"Takàbá rẹ. Oṣù mẹ́rin òṣùpá àti ọjọ́ mẹ́wàá. Sàráà rẹ̀ la sún sí Jímọ̀ kí àwọn èèyàn lè ráyè wá, ṣùgbọ́n ìwọ ti bọ́. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ."

Àṣàbí fọwọ́ kan kókó mẹ́rin tó wà létí ìborùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ti súnmọ́. Ó wo kàlẹ́ńdà lára àpótí agẹmọ. Ọmọ ilé àlùfáà, tó ń kéwú láti ọmọ ọdún mẹ́rin, oṣù inú fóònù ló fi ka takàbá ìyá rẹ̀!

"Ṣé Nabeelah mọ̀?" Àlùfáà bi í.

"Màá sọ fún un."

Kò purọ́. Kò sáà sọ ọjọ́ tí òun máa sọ ọ́.

Ní Mọ́ńdè, lẹ́yìn àsùbáà, ó wẹ̀, ó lé tìróò, ó fín lọ́fínńdà díẹ̀ sẹ́yìn etí, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí Abdulfattah rà fún un lọ́dún tí wọ́n kó sínú mọ́tò. Ó mú ìwé ìwakọ̀ nísàlẹ̀ àpótí. Ó wo omi gbogbo ẹran, ó yẹ iná wọn wò. Ó lọ síta, ó yí òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nídìí táyà, ó ń mí hẹlẹ. Lẹ́yìn náà ló di kọ́tìnnì iwájú mú, ó ní bìsìmílàhì, ó fà á.

Gbogbo nǹkan wà níbẹ̀ bí Abdulfattah ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ rọ̀ lára dígí. Tìmùtìmù rẹ̀ ṣì kòtò láàárín. Àlejò ti wà lábẹ́ àga ọ̀tún, ó yọ orí wò ó. Àṣàbí jókòó sínú kòtò tìmùtìmù náà, ó gbà á wẹ́kú. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó yí kọ́kọ́rọ́, Ilé-ń-lọ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde.

Ó gba ẹnu ọ̀nà agbo ilé jáde. Kò ha ògiri o! Abdulfattah gan-an ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àlùfáà Àhmádù ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí pẹ̀lú bútà lọ́wọ́, ó dúró gbagidi.

"Ìyàwó wa!"

"Ẹ káàárọ̀, Àlùfáà. Mo ń lọ kí odò. Mo ń bọ̀ nírọ̀lẹ́."

Ó kọjá. Àlùfáà ṣì dúró síbẹ̀, omi ń dà nínú bútà sí i lẹ́sẹ̀.

Sáńgò, Kúlẹ̀ńdé, Òkè-Oyì. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ayé, igi á yọ wá látinú funfun, á kọjá, igi mìíràn á yọ wá. Tírélà ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó fàyè sílẹ̀ fún wọn, kò kánjú. Ó ń gbọ́ àwọn ẹran lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń tún ara wọn tò nínú àpótí, gíláàsì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wá ṣe é bíi pé àlá ọ̀sán rẹ̀ ló tún dé, ó fi èékánná já ara rẹ̀ nítan, ó dùn ún. Kí wọ́n tó dé Bódé-Sáàdù, ọlọ́pàá kan dá a dúró.

"Ìyá, kí lẹ kó?"

"Àwọn ọmọ ọmọ mi ni."

Ọlọ́pàá náà rìn lọ sẹ́yìn, ó ṣílẹ̀kùn, ó tì í padà kíákíá. "Ìyá, ẹ máa lọ," ó ní láti ọ̀ọ́kán. "Ẹ máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ yín."

Òòrùn ti ń là nígbà tó dé Jẹ́bà. Ó béèrè ọ̀nà létí odò lọ́wọ́ obìnrin tó ń sá ẹja, ó rọra yí sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ igi kan, ó pa ẹ́ńjìnnì. Kẹ́kẹ́ pa. Omi náà sì wà níbẹ̀, Ọlọ́run mi, omi náà wà níbẹ̀! Ó fẹ̀ débi pé ọkọ̀ ojú omi tó wà láàárín rẹ̀ kéré bí èso ìgbá. Abdulfattah ò tiẹ̀ sọ ọ́ tó.

Fóònù rẹ̀ ń dún.

"Màámi! Ẹ̀yin dà? Mọ́tò dà? Àlùfáà ní ẹ lọ kí odò!"

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jẹ́bà ni mo wà."

"Jẹ́bà! Yéè! Takàbá yín, Màámi! Jímọ̀ ló ń parí!"

"Nabeelah, ọmọ ilé àlùfáà. Kí lo fi ka oṣù?"

"Fóònù mi—" Àṣàbí ń gbọ́ bó ṣe ń tún un kà jẹ́jẹ́. "Òṣùpá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Òṣùpá ló yẹ kí n fi kà á."

"Mo ti bọ́ láti àná."

"Ta wá ló wa mọ́tò?"

"Èmi ni. Bàbá rẹ ló kọ́ mi."

Ó ti sọ ọ́. Ó dúró kí nǹkan kan tán nínú rẹ̀, kò tán. Nabeelah ní òun ń wọkọ̀ bọ̀.

Àṣàbí sọ̀kalẹ̀. Ó rìn yí iwájú mọ́tò ká, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó gòkè, ó jókòó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ ikú tó máa jókòó sórí àga yẹn. Lápá òsì rẹ̀, tìmùtìmù wà pẹ̀lú kòtò rẹ̀, tẹ̀sùbáà ń mì díẹ̀díẹ̀. Kò wo apá ibẹ̀ jù. Omi ló ń wò, bí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe ṣàdéhùn, wọn ò ṣe nǹkan kan. Àlejò jáde, ó wá gbé àyà lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Òòrùn ń wọlé láti ojú gíláàsì, ó kọ́kọ́ kan orúnkún rẹ̀, ó gun itan rẹ̀, ó dé ọwọ́ rẹ̀. Àṣàbí sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sùn díẹ̀, kò lá àlá kankan.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Nabeelah dé, eruku bò ó látorí dẹ́sẹ̀. Ó kọ́kọ́ sáré lọ sẹ́yìn, ó yẹ àwọn ẹran wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí nǹkan kan ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí ilẹ̀kùn òsì, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

"Má tíì jókòó síbẹ̀," Àṣàbí sọ fún un.

Nabeelah wo tìmùtìmù. Ó wo tẹ̀sùbáà bàbá rẹ̀. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbórí lé itan rẹ̀. Omi ń lọ, ọkọ̀ apẹja ń kọjá, ilẹ̀ ń lọ sí àlàásárì.

Ó pẹ́ kí Àṣàbí tó nu ojú. Ó fi ọwọ́ gbá eruku orí híjáàbù ọmọ rẹ̀.

"Ó tó," ó ní.

Ó sún kúrò lórí àga ọ̀tún, ó gba àárín àga méjèèjì kọjá, ó jókòó sórí tìmùtìmù ọkọ rẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé náà sókè.

"Bọ́ síbí, ìwọ. Jókòó síwájú."

Nabeelah dìde, ó jókòó, ó gbé Àlejò lé ẹsẹ̀. Àṣàbí tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

"Ní Jímọ̀," ó bi í, "aago mélòó ni wọ́n ń retí wa nílé-ìwé yẹn?"